Wọn Ò Wo Ẹ̀yìn Ìwé

Ààrẹ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa ló wá bá mi nílé níbí ní Festac. Ó ní àwọn fẹ́ tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì, pé kí àgbà kọ̀ọ̀kan kọ nípa iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ ṣe, kí àwọn ọmọ lè mọ èyí tí wọ́n máa mú àti èyí tí wọ́n máa sá fún. Bó ṣe ń dìde ló ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí tó máa fún wọn níṣìírí o." Mo ní mo ti gbọ́. Ìṣírí ò pọ̀ lọ́wọ́ mi. Òótọ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi, òun ni mo sì máa kọ. Bó bá korò lẹ́nu yín, ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ wá bẹ̀ mí.

Olùtọ́jú ìwé ìjọba ni mí. Kì í ṣe láíbìrì o. Ní láíbìrì, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ máa bá níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá ya, wọ́n á ra òmíràn. Ìwé ọ̀dọ̀ tiwa, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Lẹ́tà tí bàbá yín kọ sí ìjọba, èsì tí ìjọba fún un, orúkọ ẹni tí wọ́n fún nílé, ọjọ́ tí wọ́n gba olùkọ́ síṣẹ́, àdéhùn tí wọ́n bá ará abúlé ṣe kí wọ́n tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo rẹ̀ ń sùn. Ọjọ́ tí tiyín bá sọnù, tí omi bá wọlé gbé e lọ, tí àna yín bá fà á ya, ọ̀dọ̀ wa lẹ ń bọ̀. Olówó ń bọ̀, aláìní ń bọ̀, ìwé kan náà la máa gbé síwájú àwọn méjèèjì. Nítorí ìyẹn ni ìjọba fi ń san owó oṣù fún wa. Kò sí ìdí mìíràn.

N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, mo ṣe àgùnbánirọ̀, wọ́n gbà mí síṣẹ́, owó oṣù ò sì ju owó oṣù lọ. Ẹ jẹ́ ká rékọjá.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè. Bàbá Gòkè ni gbogbo wa ń pè é. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́, imú rẹ̀ sì mú ju ti ológbò lọ. Bí èèyàn bá fi ẹ̀pà pamọ́ sínú báàgì, láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa gbọ́ òórùn rẹ̀. "Ta ló gbé oúnjẹ eku wọlé?" Ẹ̀pà yẹn ń padà síta nìyẹn. Kò gba bírò nínú yàrá ìwé, àfi pẹ́ńsùlù. Kò gba píìnì, torí píìnì máa ń dípẹtà, á sì jẹ ìwé. Òwú funfun la fi ń di ìwé, a kì í sì í so ó le. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo ti ìka bọ ẹnu kí n lè fi ṣí ojú ìwé, bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe. Ó gbá ọwọ́ mi wálẹ̀.

"Ṣé ọbẹ̀ lò ń tọ́ wò ni?"

"Rárá, sà."

"Itọ́ rẹ á ṣì wà lára ìwé yìí nígbà tí ìwọ alára bá ti di egungun. Lọ fọwọ́. Kó o sì nù ún gbẹ kó o tó padà wá."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Èmi tí mo ní dìgírì! Àṣé n kò tíì rí nǹkan kan.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ó gbé fáìlì kan fún mi pé kí n kà á, kí n wá rò fún òun ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kan ló kọ̀wé pé àwọn ń fẹ́ afárá. Lẹ́tà wọn gún régé, wọ́n ya àwòrán odò náà sí i, wọ́n sọ bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe ń ká ṣòkòtò wọn sókè kọjá níbẹ̀. Mo rò ó fún Bàbá Gòkè bí ẹni tó dúró níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo tilẹ̀ fi àlàyé kún un nípa ipò tí ọ̀rọ̀ afárá wà nínú ìtàn ìdàgbàsókè ìlú. Ó jẹ́ kí n parí.

"O ṣeun, dókítà. Dojú ẹ̀ dé."

Mo dojú lẹ́tà náà dé. Ẹnì kan ti fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ kan péré sẹ́yìn rẹ̀: Rárá. Ó sì buwọ́ lù ú.

"Ṣé o rí i? Iwájú lẹ̀bẹ̀ wà. Ẹ̀yìn lèsì wà."

Kí ẹ̀yin tí wọ́n bí sígbà fóònù lè mọ̀: ìgbà kan wà tí tákàdá wọ́n bí ojú ní ọ́fíìsì ìjọba. Bí lẹ́tà yín bá dé iwájú ọ̀gá, kò ní wá tákàdá mìíràn láti fi dá yín lóhùn. Á dojú lẹ́tà yín gan-an dé, á kọ ìpinnu rẹ̀ sẹ́yìn, akọ̀wé á wá jíṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Ohun tí a pè ní ìjọba nílẹ̀ yìí, ẹ̀yìn ìwé ni ìdajì rẹ̀ wà. "Tojú tẹ̀yìn" wá di òfin tí Bàbá Gòkè fi ń jí wa láàárọ̀. Ìwé tí o kò bá wo ẹ̀yìn rẹ̀, o ò tíì kà á. Nígbà tó máa fẹ̀yìn tì, ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Àwọn tó sọ tinú fáìlì wọ̀nyí ti kú tán. Ìwọ lo gbé e dání."

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ nínú ìtàn yìí ni Màmá Káyọ̀dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọkọ rẹ̀, ìjọba sì fún un nílé ní Raji Rasaki Estate. Ọkọ kú nígbà tí Káyọ̀dé ṣì ń rákò. Obìnrin náà kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé, ó ní kí wọ́n fi orúkọ òun rọ́pò ti olóògbé. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn dojú lẹ́tà náà dé, ó kọ ọ́ sẹ́yìn pé òun fọwọ́ sí i, kí ilé di ti ìyàwó, ó buwọ́ lù ú, ó lu òǹtẹ̀. Akọ̀wé wá sọ fún obìnrin náà pé kó máa lọ sílé lọ sinmi, ó ti wà nínú fáìlì. Ohun tí wọ́n fún un kò ju gbólóhùn yẹn lọ: ó ti wà nínú fáìlì. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, fáìlì ọ̀hún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ di ti ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tí ẹbí ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó wá bá wa. Mo gbé fáìlì náà síwájú rẹ̀, mo dojú lẹ́tà dé. Ó kà á, ó tún un kà.

"Àǹtí, èmi ni wọ́n pè ní ìyàwó yìí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Kì í ṣe ìyàwó ẹlòmíràn?"

"Ọkọ yín ní òmíràn ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣé kò ní sọnù?"

Mo ní, "Iṣẹ́ wa nìyẹn, mà."

Ó bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ wa, torí ẹ̀dà tí kò bá lóǹtẹ̀ ò wúlò níbì kankan. Dàírẹ́kítọ̀ nìkan ló sì lè fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí n to ohun tí wọ́n ṣe fún obìnrin yìí bó ṣe tẹ̀ léra. Ó wá, ọ̀gá ò sí lórí sìtì. Ó tún wá, ọ̀gá wà ní Abuja. Ó tún wá, ọ̀gá wà lórí sìtì ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe mítììnì. Wọ́n gbé ọ̀gá kúrò, ọ̀gá tuntun dé, ó ní ẹ̀bẹ̀ tó wà nílẹ̀ ti di ti àná, kó kọ tuntun. Ó kọ tuntun. Ọ̀gá tuntun náà ò sí lórí sìtì. Èmi ni mò ń gbé ìwé náà lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, èmi náà ni mò ń gbé e bọ̀. Nígbà tó yá, ó fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní ṣebí mo sọ pé kò ní sọnù.

Ní gbogbo àkókò yìí, irinṣẹ́ ń yí padà lọ́wọ́ wa. A bá tápíráítà níbẹ̀, àti káàdì kéékèèké tí a fi ń wá ibi tí fáìlì wà. Kọ̀ǹpútà dé. Ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé mo kórìíra kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè fún un. Òrùlé wa ń jò, ikán ń jẹ pákó, bí a bá ní ẹ̀dà ìwé wọ̀nyí níbòmíràn, ọkàn mi á balẹ̀. Ohun tí mo béèrè nìyẹn: ẹ̀dà.

Kọntirakítọ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ dáadáa, tí wọ́n ń gbàdúrà kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ láàárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Tólú, tó dàgbà níbí ní Festac. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ń fi ìwé sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń yọ ọ́, ó ń fi òmíràn sí i.

"Tólú, ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn kí ni, mà?"

"Ẹ̀yìn ìwé."

"Há, Mọ́mì, a ti wò ó. Òfìfo ni jàre."

"Gbogbo ẹ̀ lẹ wò?"

"A wo àwọn tó wà lókè, mà. Ẹ̀rọ yẹn lè ya tojú tẹ̀yìn o, ọ̀gá wa ló ní ká pa ìyẹn, ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ká ní ká máa ya ẹ̀yìn gbogbo ìwé yìí, Jésù á dé bá wa níbí." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà dùn. Mo wá fa fáìlì kan yọ, mo dojú ìwé kan dé, lẹ́yìn náà òmíràn, lẹ́yìn náà òmíràn. Ẹ̀rín tán lẹ́nu Tólú. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo kọ̀wé sí dàírẹ́kítọ̀. Mo kọ ọ́ ní gbangba gbàǹgbà pé wọn kò ya ẹ̀yìn ìwé, pé ẹ̀yìn ìwé ni àṣẹ wà, pé kí wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó dojú ìwé mi dé, ó kọ ọ́ sẹ́yìn: Mo ti rí i. Ẹ fi sí fáìlì. Ó buwọ́ lù ú. Mo mú un lọ́wọ́, n kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n ké. Wọ́n fi sí fáìlì lóòótọ́. Fáìlì náà sì lọ sẹ́nu ẹ̀rọ bí àwọn yòókù.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbá ara wọn lọ́wọ́. Ìpinnu wá jáde pé níwọ̀n ìgbà tí ìwé ti wà nínú kọ̀ǹpútà, àwọn tákàdá àtijọ́ kàn ń gba àyè ni, kí wọ́n kó wọn dànù. Mo tún kọ̀wé. Ẹnikẹ́ni ò dá èyí lóhùn, ní iwájú tàbí ní ẹ̀yìn. Mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ọkọ̀ akẹ́rù nínú ọgbà, àpò ìrẹsì ló kún inú rẹ̀, ìwé ló wà nínú àwọn àpò náà. Òwú funfun tí èmi àti Bàbá Gòkè fi dì wọ́n ń yọ lẹ́nu àpò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, mò ń wá fáìlì Màmá Káyọ̀dé. Mo tú àpò kan, mo tú òmíràn, kò sí èyí tó wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, ṣọ́bìrì ni wọ́n fi kó wọn.

Dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Pàǹtí ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fún mi."

"Níbo lo ń gbé e lọ?"

"Ibi tí wọ́n ti ń ṣe kéréètì ẹyin ni. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, á di bí ẹ̀kọ, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ sí móòdù."

Mo lọ dúró síwájú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ má pè é ní akin. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe ni. Dàírẹ́kítọ̀ yọjú lójú fèrèsé. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó rán géètìmáànù sí mi, ẹni tí mo bá ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀, òun ló wá gbé àga fún mi síbi ìbòòji. "Mádàámù, wọ́n ní kí n ní kí ẹ wá jókòó, oòrùn ti mú." Mo jókòó. Ọkọ̀ náà jáde. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà o. Ojú mi kòrókòró ló ṣe wọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà tí ọmọ àbúrò ọkọ Màmá Káyọ̀dé gbé e lọ sí kóòtù, pé ilé ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni, obìnrin náà kàn ń gbébẹ̀ ni. Lọ́yà ọmọ náà lọ gba ẹ̀dà fáìlì ní ibi iṣẹ́ wa. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde látinú kọ̀ǹpútà fún un, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n lu òǹtẹ̀, kó tó di ọ̀sán. Òǹtẹ̀ tí obìnrin yẹn wá títí bàtà méjì fi gbó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tí kò rí! Ìwé tó sì gbé wá sí kóòtù, iwájú lẹ́tà ni. Ẹ̀bẹ̀ obìnrin náà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìbuwọ́lù rẹ̀ lábẹ́. Kò sí èsì.

Mo lọ jẹ́rìí. Mo sọ ohun tí mo rí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àwọ̀ bírò, ibi tí òǹtẹ̀ wà. Lọ́yà náà tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ọmọlúàbí ni; "mà" ló ń pè mí látòkèdélẹ̀.

"Mà, ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ báyìí níṣẹ́?"

"Èmi ni."

"Bí ẹnì kan bá wá bá yín nígbà yẹn, tó ní òun rí ìwé kan rí, ṣùgbọ́n ìwé ò sí. Kí lẹ kọ́ wọn pé kí wọ́n sọ fún un?"

Mo wo ibi tí Màmá Káyọ̀dé jókòó sí.

"Mà?"

"Mo kọ́ wọn pé ẹnu kì í ṣe ìwé."

Ó ní ó tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó jókòó.

Wọ́n pe dàírẹ́kítọ̀ tí mo kọ̀wé sí. Lọ́yà tiwa bi í bóyá ẹnikẹ́ni kìlọ̀ fún un nípa ẹ̀yìn ìwé. Ó ní ìwé ìkìlọ̀ kankan ò dé ọ̀dọ̀ òun rí. Wọ́n wá ìwé mi jáde látinú kọ̀ǹpútà. Iwájú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó sọ fún adájọ́ pé, "Olúwa mi, bí mo bá rí i, ṣé n kò ní kọ nǹkan sí i?" Ó sì jókòó, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

Adájọ́ wò mí kó tó ka ìdájọ́. Ó ní, "Màmá, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ mi kọ́ ni òfin ń béèrè." Ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù Màmá Káyọ̀dé jáde, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé fọ́tò ọkọ rẹ̀. Àyà ló fi gbé e dé yàrá kan ṣoṣo tó gbà ní Agboju. Káyọ̀dé ń wá iṣẹ́ kiri lókè òkun, kò tíì rí. N ò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún un lórí fóònù nípa ilé.

Mo ti kọ̀wé fẹ̀sùn sí gbogbo ibi tó yẹ. Wọ́n ní àwọn ti rí i. Tólú wá kí mi lẹ́yìn ìsìn nígbà kan, ó ní, "Mọ́mì, mo máa ń rántí ọjọ́ yẹn." Mo ní èmi náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí, mo kúkú fẹ́ sọ pé kí ẹ sá fún un. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa jókòó sídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan, ní ọ́fíìsì kan, wọ́n á ní kí ẹ máa yára. Ìwé ẹnì kan á wà lọ́wọ́ yín. N ò mọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ohun tí mo rí ò jẹ́ kí n lè fọkàn sí i.

Màmá Káyọ̀dé ti ń ta ẹyin báyìí, níwájú ilé tó ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wọ kẹ̀kẹ́ wá kí mi ní Festac, ó gbé kéréètì ẹyin kan dání, ó ní ti ẹ̀rí tí mo jẹ́ fún òun ni. Mo ní kí lẹ ń dúpẹ́ fún, ẹ̀rí tí kò gbè yín. Ó ní, "Ẹ̀yin ṣáà rí i. Àwa méjì la rí i." Ó jókòó, mo kó àwọn ẹyin náà sínú abọ́ níkọ̀ọ̀kan. Kéréètì ṣófo sí mi lọ́wọ́, ó rí eérú-eérú, ó fúyẹ́. Mo dojú ẹ̀ dé. Mo gbé e súnmọ́ fèrèsé, mo fi ìka wá gbogbo kòtò rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Àǹtí, kí lẹ ń wá níbẹ̀? Ṣé ó fọ́ ni?"

Mo ní, "Rárá, mà. Mò ń wo ẹ̀yìn ẹ̀ ni."